Orí-Ò-Dúró àti Afárá Inú Fóònù

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí ọkọ mi, mo ba irun orí rẹ̀ jẹ́. Àwọn ẹbí rẹ̀ ṣì ń fi ọ̀rọ̀ náà dá mi lápàárá títí dòní, èmi náà ò sì ní yé sọ pé ẹ̀bi tirẹ̀ ni.

Onígbàjámọ̀ ni mí. Bàbá mi ló ni ṣọ́ọ̀bù, òun ló sì kọ́ mi níṣẹ́. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó gbé kílípà lé mi lọ́wọ́, ó lọ jókòó sórí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ibẹ̀ ló ti ń ṣọ́ mi. Tí ẹ̀gbẹ́ kan bá ga ju èkejì lọ lórí oníbàárà, kì í sọ̀rọ̀, á kàn húkọ́ ni.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ọkùnrin kan wọlé, ó gbé àpò irinṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ pé fíríìjì ló ń tún ṣe. Ó ní kí n gé ẹ̀gbẹ́ mọ́lẹ̀, kí n fi díẹ̀ sílẹ̀ láàárín. Mo da aṣọ bò ó lọ́rùn. Kí n tó tan kílípà, ó ti yọ fóònù lábẹ́ aṣọ, ó ti dorí kodò.

Mo ní kó gbé orí sókè. Ó gbé e sókè. Mo gé díẹ̀, orí tún ti lọ sílẹ̀. Mo fi ọwọ́ ti àgbọ̀n rẹ̀ sókè, ó tún wálẹ̀. Ni èmi náà bá yọjú wo ohun tó ń wò.

Mo ti rí géèmù rí o, èyí tí wọ́n fi ń to bíríkì, èyí tí wọ́n fi ń fọ́ bọ́ọ̀lù aláwọ̀ mèremère. Èyí kì í ṣe ẹgbẹ́ wọn. Odò ńlá ló ń ṣàn níbẹ̀, ewéko ń jó nínú afẹ́fẹ́, ọkùnrin kan ń gbé pákó lọ létí omi, èèyàn sì lè ka irùngbọ̀n rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Irú géèmù yẹn, láyé àtijọ́, àfi kéèyàn ní tẹlifíṣọ̀n ńlá àti àpótí ẹ̀rọ tí wọ́n ń so mọ́ ọn. Ó ti wá bọ́ sí inú àtẹ́lẹwọ́ ẹni tó wá gẹrun.

Ibi tí mo ti ń wò ó ni ẹranko kan ti fò jáde látinú omi. Ọkùnrin yìí ta gìrì. Kílípà lọ gbọọrọ láti ẹ̀yìn etí dé àtàrí.

Bàbá mi húkọ́.

Ọkùnrin náà wo díńgí, ó wò mí, ó tún wo díńgí. Ó rọra sọ pé, "Ọ̀gá, ẹranko yẹn ò rí mi pa. Ẹ̀yin lẹ pa mí."

Ó yẹ kí n bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rín ni mo rín títí omi fi bọ́ lójú mi, òun náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Fìlà ló dé lọ sílé, mo sì sọ ọ́ ní Orí-Ò-Dúró.

Kò pẹ́ tó fi padà wá. Irun ò tíì hù, ó ní òun fẹ́ gẹrun. Mo bi í pé kí ni mo fẹ́ gé, ṣé awọ orí ni? Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà, ó ní òun á dúró kó hù. Báyìí ni ó ṣe di ẹni tó ń wá dúró de irun.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ṣọ́ọ̀bù dá, mo bi í nípa ẹranko inú omi yẹn. Ojú rẹ̀ tàn. A ní tábúlẹ́ẹ̀tì kan tí a fi ń ṣàfihàn àwòrán irun fún oníbàárà. Ó gbà á, ó fi àkáǹtì rẹ̀ wọ inú rẹ̀. Ó ṣàlàyé fún mi pé omíyalé ló pín ìlú méjì níyà nínú géèmù náà, pé iṣẹ́ ẹni tó ń gbá a ni kó ṣa pákó, kó kan ìṣó, kó tan àtùpà, kó ṣe afárá láti etí odò kan dé èkejì. Òun ló ra géèmù náà, ó lè ṣí i lórí ẹ̀rọ méjì, ṣùgbọ́n ẹni méjì ò lè wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹnì kan bá wọlé, á ti ẹnì kejì jáde. Ibi tí ẹni ìṣáájú bá sì bá iṣẹ́ dé, ibẹ̀ ni ẹni tó tẹ̀ lé e á ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó gbé ìyọnu dé nìyẹn. Màá ru pákó dé àárín odò, á sì ti mi jáde. Màá pè é, màá bi í pé ṣé kò ríṣẹ́ ṣe ni.

Á ní, "Mo ríṣẹ́ ṣe, Ọ̀gá mi. Ohùn rẹ ni mo fẹ́ gbọ́."

Kí ni mo tún fẹ́ sọ? Ìfẹ́ rẹ̀ wọ̀ mí lẹ́jẹ̀. Ohun tí mo sì fẹ́ràn jù lára rẹ̀ ni pé kò mọ irọ́ pa rárá. Irọ́ pípa ò sí nínú iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ ọ.

Àìmọ-irọ́-pa yẹn náà ló fẹ́ bà á jẹ́ fún wa.

Nígbà tó tó àkókò, ó wá rí bàbá mi nílé. Màmá mi ti gbà tẹ́lẹ̀. Ọmọ náà ti tún fíríìjì rẹ̀ ṣe láìgba nǹkan kan, màmá mi ní kí la tún ń wá. Ṣùgbọ́n bàbá mi jókòó tìrìgbọ̀n, ó bi í pé kí ló ní.

Ó ní òun ní irinṣẹ́, òun ní ọkọ̀ akẹ́rù kékeré, òun háyà yàrá méjì. Ẹlòmíràn á dákẹ́ síbẹ̀. Èyí tèmi fi kún un pé òun tún ní géèmù.

Bàbá mi ní níbo ló wà? Ó yọ fóònù, ó fi àwòrán wọn hàn án, wọ́n tò lọ rẹrẹ. Bàbá mi ní kó ṣí ọ̀kan kí òun rí i. Ó wá èyí tó kọ́kọ́ rà láyé rẹ̀, tó fẹ́ràn bí ojú, ó tẹ̀ ẹ́. Àwòrán náà ti di àwọ̀ eérú. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò sí mọ́.

Ó tún un tẹ̀. Ìtìjú mú mi débi tí mo fi ń ka òdòdó ara kápẹ́ẹ̀tì.

Bàbá mi bi í bóyá ó sanwó rẹ̀. Ó ní òun sanwó. Ta ló wá mú un lọ? Ó ní àwọn tó tà á fún òun ni. Ṣé wọ́n wá kan ilẹ̀kùn ni? Rárá, wọn ò kàn án. Ó wá ṣàlàyé, bí ẹni tó ń rojọ́ mọ́ ara rẹ̀, pé àṣẹ láti gbá géèmù ni wọ́n ń tà, wọn kì í ta géèmù gan-an. Pé ó wà nínú ọ̀rọ̀ gígùn tí gbogbo èèyàn ń tẹ "mo gbà" sí láìkà á.

Bàbá mi ò pariwo. Ì bá pariwo, ì bá sàn fún mi. Ó ní, "Ọmọ mi, mi ò bínú sí ẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sanwó fún ohun tí kò lè mú dání, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó máa di ọmọ mi mú?"

Ó ní kó má wá sí ṣọ́ọ̀bù mọ́, kó má pè mí, kó má ránṣẹ́ sí mi, títí di ọjọ́ tí òun fúnra òun bá ránṣẹ́ pè é. Ọ̀rẹ́ mi dìde, ó ní òun gbọ́, òun á ṣe bẹ́ẹ̀.

Inú bí mi bí nǹkan míì. Lọ́jọ́ kejì, mo tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án gangan, mo lọ bá a níbi iṣẹ́ rẹ̀. Ó wà lẹ́yìn fíríìjì kan, ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún gíríìsì. Kò jáde sí mi.

Ó ní, "Ọ̀gá mi, mo ti fún bàbá lọ́rọ̀ mi. Tí mo bá yẹ̀ ẹ́, á jẹ́ pé òótọ́ ni wọ́n sọ nípa mi. Màá dúró. Ìwọ ńkọ́?"

Mo ní, "Ta ló sọ fún ẹ pé mo fẹ́ lọ síbì kankan?"

Mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Gbogbo orí tí mo gẹ̀ lọ́sẹ̀ náà ló kúrú ju bí àwọn olórí ṣe fẹ́ lọ.

Ọ̀sán kan tí kò sí oníbàárà, mo ṣí géèmù náà kí n kàn rí odò yẹn. Pákó tuntun wà lórí afárá. Níbi tí pákó parí sí, ẹnì kan tan àtùpà sílẹ̀.

Kò pè mí. Kò kọ ọ̀rọ̀ kankan. Ó kàn ń ṣiṣẹ́ ni. Tí ẹ bá ní ó fi àtùpà ránṣẹ́ sí mi, ẹnu yín ni mo ti gbọ́ ọ. Èmi náà to pákó díẹ̀, mo tan àtùpà tèmi. Nígbà tí mo máa fi padà wò ó, ó ti gbé tirẹ̀ sún mọ́ tèmi. Ẹkún gbọ̀n mí lójú oníbàárà, mo ní irun ló kó sí mi lójú.

Bí a ṣe ń bá a lọ nìyẹn. Nígbà tí bàbá mi bi mí pé kí ni mò ń wò tí mò ń rẹ́rìn-ín, mi ò fi pa mọ́. Mo gbé e sí iwájú rẹ̀, mo fi pákó hàn án, mo ní èyí ni ti Oní-Fíríìjì, èyí ni tèmi. Ó wò ó títí, ó húkọ́, ó kọjú sí fèrèsé. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìyẹn, á máa bi mí bí ẹni tí kò bìkítà pé ṣé ẹni yẹn ṣiṣẹ́ lónìí.

Lọ́jọ́ kan, mo ti ọjà dé, mo bá àtùpà kẹta níbẹ̀. Ó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, díẹ̀ ló kù kó ṣubú sódò. Mo ní Orí-Ò-Dúró yìí ti di Ọwọ́-Ò-Dúró. Mo fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.

Àfi bí mo ṣe ṣí i láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ìkéde yọ. Àwọn tó ṣe géèmù náà ní àwọn fẹ́ gbé e kúrò nílẹ̀ ní òpin oṣù, wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó rà á. Wọ́n dúpẹ́ o. Ojú ọ̀nà kan ṣoṣo tí mo fi ń rí Orí-Ò-Dúró nìyẹn.

A ṣiṣẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Mo ń gẹrun, mo ń to pákó, bẹ́ẹ̀ afárá ò dé òdìkejì. Lọ́jọ́ tó kù ọ̀la, mo gbé tábúlẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, mo lọ dúró níwájú àga bàbá mi.

Mo ní, "Bàbá mi, lọ́la ohun tí ẹ sọ á ṣẹ. Wọ́n á mú géèmù yẹn lọ. Ó ti mú ìlérí tó ṣe fún yín ṣẹ, kò pè mí, kò wá. Èmi ò ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni. Tí ọ̀nà yẹn bá dí, títì ni màá gbà lọ bá a, lọ́sàn-án gangan, lójú yín. Mi ò ní sá lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi wá sọ fún yín."

Mi ò kúrò níbẹ̀. Ó wo ojú mi. Kò tiẹ̀ húkọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo tẹ àwòrán odò náà. Àwọ̀ eérú. Kí n tó lanu, mo gbọ́ ohùn bàbá mi lẹ́yìn mi, fóònù wà létí rẹ̀: "Oní-Fíríìjì, irun orí ẹ á ti kún. Wá."

Ó ti kún lóòótọ́. Orí tó gbé wọlé, igbó ni. Kò tíì jẹ́ kí onígbàjámọ̀ kankan fọwọ́ kàn án láti ọjọ́ tó ti kúrò lọ́dọ̀ mi. Mo mú kílípà, ṣùgbọ́n bàbá mi ti dìde, ó na ọwọ́.

"Gbé e wá."

Mo ní, "Bàbá mi, ọwọ́ yín..."

"Mo ní kí o gbé e wá."

Ó bi ọmọkùnrin náà pé fóònù rẹ̀ dà. Ó ní inú àpò irinṣẹ́ ló wà. Bàbá mi tan kílípà, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n bí ewé, ó gbé e lé orí ọkùnrin tí mo fẹ́ràn. Orí yẹn, orí tí kò dúró rí láyé, dúró. Kò fà sẹ́yìn, kò ṣẹ́jú. Irun ń já bọ́ lọ́tùn-ún lósì, ọ̀nà wọ́rọ́kọ́ ń là láàárín rẹ̀, èmi sì di ẹ̀yìn àga mú.

Nígbà tó ṣe, ọmọkùnrin náà la ẹnu lábẹ́ kílípà. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ohun kan wà tí mo fẹ́ sọ. Ẹ ní kí n má ránṣẹ́ sí i. Mo tan àtùpà kan sórí afárá inú géèmù. Mi ò mọ̀ bóyá mo ti fi ìyẹn ránṣẹ́ sí i."

Bàbá mi pa kílípà.

"Mo rí i," ló wí. "Àtùpà kẹta ńkọ́? Ta lo rò pé ó tàn án?"

Ọ̀rẹ́ mi ní òun rò pé èmi ni. Mo ní òun ni mo rò. A jọ yíjú sí bàbá mi. Ó ń fẹ́ irun kúrò lẹ́nu kílípà, kò wo ẹnikẹ́ni. Ó ní ìka òun ò kàn dúró lórí nǹkan yẹn ni, tí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, ì bá dúró dáadáa.

Fìlà lọkọ mi dé lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, torí ọ̀nà wọ́rọ́kọ́ yẹn kò tíì kún. Nígbà tó kan fọ́tò, bàbá mi ní kó ṣí i, pé iṣẹ́ ọwọ́ òun ni, ojú ò tì òun. Ó ṣí i. Bàbá mi ní òun ò fẹ́ fọ́tò inú fóònù, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Ó wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù báyìí. Òun fúnra rẹ̀ ló kan ìṣó rẹ̀, ó sì tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́.