Ọwọ́ Kan Náà Ló Fá Orí Wọn

Ọjọ́ Ẹtì ni. Gbogbo ìlú Salvador níbí ti wọ funfun fún Òṣàlá, àfi ọkùnrin kan tó gba abẹ́ fèrèsé wa kọjá pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì pupa fòò. Jucineide, ọmọ ilé òrìṣà wa tí a ń pè ní Neide, ń sá yẹ̀rì tó fi sítáàṣì sí lọ́wọ́. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Bọ̀dá, ṣé ẹnì kankan ò sọ fún yín pé òní ni Ẹtì?"

"Ẹ má bínú, àlejò ni mí. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ni mo wá tún ṣe láti Belém."

"Ẹ yáa lọ pààrọ̀ ẹ̀wù, kí n tó da omi sítáàṣì lé yín lórí!"

Ó lọ lóòótọ́. Ẹ̀wù funfun tó yá wọ̀ padà wá fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún rẹ̀. Anselmo lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, "Pupa mi" ni Neide ń pè é. Ọ̀sẹ̀ méjì tó fẹ́ lò di oṣù mẹ́rin.

Èmi Dulcelina, tí kọ́kọ́rọ́ ilé òrìṣà wa wà lọ́wọ́ mi, ojú mi ni gbogbo rẹ̀ ṣe. Ìyá-ilé wa, olórí ilé òrìṣà náà, ò mọ̀ pé wọ́n ń fẹ́ra. Èmi mọ̀.

Nígbà tí Anselmo ní òun fẹ́ gbé e níyàwó, Neide ní, "Ìyá mi ń ṣàìsàn nílùú Feira. Jẹ́ kí n lọ tọ́jú wọn ná. Dúró dè mí, olólùfẹ́."

Ó dúró. Ojoojúmọ́ ló ń wá gbálẹ̀ ilé òrìṣà wa, nítorí pé ibẹ̀ ni Ìyá-ilé ti fá orí Neide, tó sì di ọmọ òrìṣà. Lọ́jọ́ kan, bí a ṣe ń kọrin Ògún, ó ṣubú lulẹ̀. Ìyá-ilé ní òrìṣà ń béèrè orí rẹ̀, pé àfi kí òun fá a. Inú Anselmo dùn kọjá ààlà.

"Ìyá Dulcelina, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ fún Neide. Ẹ jẹ́ kó wá bá a bẹ́ẹ̀."

Èmi aláìmọ̀kan, mo rẹ́rìn-ín, mo ṣílẹ̀kùn fún un. Mo rò pé Neide ti sọ fún un tipẹ́ pé àwọn tí ọwọ́ kan náà bá fá orí wọn, ọmọ ìyá ni wọ́n, wọn kì í fẹ́ra. Mo ṣe bí òrìṣà ló yàn dípò ìgbéyàwó. Ṣùgbọ́n Neide kò sọ fún un. Wọ́n fá orí Anselmo, ó sì lo ọjọ́ mọ́kànlélógún nínú yàrá tí wọ́n ń sé ọmọ òrìṣà tuntun mọ́.

Neide dé pẹ̀lú léèsì ìgbéyàwó nínú báàgì.

"Ta ló fá orí ẹ?"

"Ìyá-ilé ni! Ṣé ó bá mi mu?"

Báàgì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Yéè! Pupa mi, kí lo ṣe yìí?"

Ó sọ òfin náà fún un. Anselmo bú sẹ́kún. "Nítorí ẹ ni mo ṣe ṣe é!"

"Mo mọ̀. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn."

"Jẹ́ ká lọ sí Belém. Ta ló mọ̀ wá níbẹ̀?"

"Àwa méjèèjì mọ̀."

Lọ́jọ́ Ẹtì tó tẹ̀lé e, Anselmo dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀ lójú gbogbo wa. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ súre fún mi."

Neide gbọ́wọ́ lé orí tí irun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù padà náà. Ọwọ́ rẹ̀ pẹ́ níbẹ̀. "Òṣàlá á máa ṣọ́ ẹ, àbúrò mi."

Léèsì ìgbéyàwó yẹn ni Neide fi rán ẹ̀wù tí Anselmo wọ̀ nígbà tó pé ọdún kan nínú òrìṣà. Èmi ni mo ń bá a fi òwú sínú abẹ́rẹ́, nítorí omijé ò jẹ́ kó ríran.