Wọn Kì Í Tọ́ Tòmátì Bí Ẹni Ń Tọ́ Kòkó

Àníkẹ́, ìyàwó Àlàó onílọ́rì, ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún Adébùsọ́lá pé ẹni tó bá fẹ́ kí tòmátì òun tètè dé ọjà kì í dúró de òjò. Ó ní nígbà tí ilẹ̀ ṣì gbẹ ni wọ́n ti ń gbin hóró rẹ̀ sórí ẹbè kékeré létí odò, tí wọ́n á máa bomi rin ín, kó lè jẹ́ pé nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, ọmọ tòmátì tó ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni wọn yóò máa kó lọ sóko.

"Ata ni kí ẹ kọ́kọ́ gbìn," ni Àníkẹ́ wí. "Ata a máa lọ́ra. Tó bá di ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ gbin tòmátì tẹ̀ lé e. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́dọ̀ wa, ọmọ tí kò tíì mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì mọ èyí."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Adébùsọ́lá létí, nítorí ọdún náà kì í ṣe ọdún eré. Èkìtì ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó nígbà náà. Iná ọyẹ́ ti jó oko kòkó Ọlọ́runfẹ́mi, ọkọ rẹ̀, kanlẹ̀ ní Erìò, èyí tí wọ́n sì tún gbìn kò lè so kí ọdún mẹ́rin tó pé. Bí tòmátì yìí bá dé ọjà Àrámọkọ kí ti àwọn ẹlòmíràn tó dé, ilé á jẹun. Bí kò bá dé, Ọlọ́runfẹ́mi ti ní òun á lọ ṣe lébìrà ní Àkúrẹ́.

Inú agolo mílíìkì kan náà ni àwọn obìnrin méjèèjì ti pín irúgbìn. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n gbìn ín, létí odò kan náà, lórí ilẹ̀ àwọn àna Adébùsọ́lá, níbi tí wọ́n ti yọ̀ǹda igun kan fún Àníkẹ́. Ti Àníkẹ́ wà ní gbangba. Ti Adébùsọ́lá wà lábẹ́ igi obì, ó sì fi màrìwò bò ó dáadáa. Nígbà tó hù, ó pọ̀ bí irun orí. Ńṣe ni Adébùsọ́lá ń jó.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, ó gbé garawa rẹ̀, ó ń kọ orin ìjọ lẹ́nu lọ sódò. Ó ṣí màrìwò. Ó gbé garawa sílẹ̀.

Àwọn ọmọ tòmátì tó wà láàárín ti dùbúlẹ̀, ibẹ̀ rí roboto bí àwo oúnjẹ. Ewé wọn ṣì tutù, ó dà bí ẹni pé wọ́n fi abẹ gé wọn nídìí. Kò sí ẹsẹ̀ ewúrẹ́ nílẹ̀. Kò sí kòkòrò kankan. Ó wò ó títí. Bóyá òùngbẹ ni, ó rò. Ó bomi rin ín ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì fi màrìwò kún màrìwò.

Lọ́jọ́ kejì, ibi tó kú ti fẹ̀ sí i, ó ti kan ata tó kọ́kọ́ gbìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó tún bomi rin ín, ó sì tún padà lọ bomi rin ín lọ́sàn-án. Lọ́jọ́ kẹta, èyí tó kù lóòró kò kún ọwọ́. Ó gbójú sókè, ó wo ti Àníkẹ́, ohun gbogbo dúró ṣánṣán níbẹ̀, ewé wọn ń dán. Irúgbìn kan náà. Omi kan náà. Adébùsọ́lá tún gbogbo ohun tó ṣe rò láti ìbẹ̀rẹ̀, kò rí ibi tó ti ṣì í ṣe. Orí rẹ̀ dàrú.

Ó sọ fún Sarah, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀.

"Ìyàwó," ni Sarah wí, "mo rí Ìyá Bùràímọ̀ nídìí ẹbè rẹ lọ́jọ́bọ̀. Ó lóṣòó, ó ń tú màrìwò rẹ."

"Àníkẹ́? Kí ló ń wá níbẹ̀, Ẹ̀gbọ́n mi?"

"Èmi lò ń bi? Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?"

"Ṣùgbọ́n òun ló kọ́ mi níṣẹ́ yìí."

"Ó kọ́ ọ, ó wá rí i pé o fẹ́ mọ̀ ọ́n jù ú lọ. Ará Ọ̀yọ́! Ọmọ ọwọ́ pàápàá, wọ́n á máa ṣe 'ẹ kú, ẹ kú' fún un. Ẹnu tó dùn tó bẹ́ẹ̀, ṣé o mọ ikùn rẹ̀ ni?"

Adébùsọ́lá kò gbà á gbọ́. Kò sì lè sọ pé irọ́ ni. Bí Sarah ṣe dìde, ó tẹ̀ lé e.

Àníkẹ́ jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀wà. Sarah kò kí i. "Kí lo lọ ṣe nídìí ohun ọ̀gbìn ìyàwó wa?"

"Mo ṣí màrìwò díẹ̀ kúrò lórí ẹ̀ ni, mà. Ó ti pọ̀ jù, ilẹ̀ ẹ̀ ń rùn. Mo yà sílé láti sọ fún wọn, wọn ò sí nílé."

"Ta ló rán ọ níṣẹ́?"

Àníkẹ́ yíjú kúrò lára Sarah. Adébùsọ́lá ló ń wò. "Ìyá Tóyìn, ṣé ẹ̀yin náà rò bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ò mọ ohun tí mo rò," ni Adébùsọ́lá wí. Òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n kò sí irọ́ tí ì bá dun Àníkẹ́ jù ú lọ.

"Ilẹ̀ ulé wa ni!" ni Sarah pariwo. "Kó ẹrù rẹ kúrò níbẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó tán."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo àdúgbò ti gbọ́ pé ìyàwó onílọ́rì ń pa irúgbìn.

Lọ́jọ́ kẹrin ni Ọláníyì, òṣìṣẹ́ àgíríkì, gun alùpùpù wá láti Ìjerò láti wo kòkó tí wọ́n tún gbìn. Ọlọ́runfẹ́mi mú un dé ibi ẹbè ìyàwó rẹ̀. Ọláníyì bu erùpẹ̀, ó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, omi ń kán láàárín ìka rẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ń bomi rin ín lóòjọ́, mà?"

"Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó ń kú, mo fi ti ọ̀sán kún un."

"Màrìwò yìí ńkọ́?"

"Ìpele mẹ́ta. Bí a ṣe ń ṣe fún kòkó náà ni."

Ọláníyì rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ará ibí yìí, ojú kòkó lẹ fi ń wo ohun gbogbo! Mà, ọmọ igbó ni kòkó, ó fẹ́ òjìji. Oòrùn àti afẹ́fẹ́ ni tòmátì ń fẹ́. Ẹ wo ìdí ẹ̀." Ó fa ọ̀kan tu. Ìdí rẹ̀ ti dúdú, ó tín-ín-rín bí òwú. "Àrùn inú ilẹ̀ ló ṣe é. Ibi tó bá tutù jù, tó ṣókùnkùn, tí wọ́n sì fún mọ́ra wọn, ibẹ̀ ló ti ń jà. Kò sí ọwọ́ ẹnikẹ́ni ńbẹ̀."

"Ẹnikẹ́ni?"

"Ọwọ́ ta ni ì bá wà ńbẹ̀, mà? Ẹ wá ibòmíràn tí oòrùn ń dé. Ẹ gbé ẹbè náà sókè kí omi lè máa sàn kúrò. Ẹ sun koríko gbígbẹ lórí ẹ̀ kí iná pa ohun tó wà nínú ilẹ̀, kó tutù dáadáa kí ẹ tó gbìn. Ẹ tò ó ní ìlà, kó má ṣe há. Tó bá ti hù, ẹ gbé màrìwò sókè lórí igi, kí oòrùn máa rí i díẹ̀díẹ̀. Àárọ̀ ni kí ẹ máa bomi rin ín, nígbà tí ojú ilẹ̀ bá ti gbẹ. Tí ẹ bá rí i tí ọ̀kan dùbúlẹ̀, ẹ bù ú dànù tòun terùpẹ̀, kí ẹ sì dáwọ́ omi dúró ná. Ta ló ṣe tọ̀hún yẹn? Ẹni yẹn mọ̀ ọ́n ṣe."

Adébùsọ́lá wo èyí tó ṣẹ́ kù lórí ẹbè Àníkẹ́, ẹni tó ti hú púpọ̀ nínú rẹ̀ láàárọ̀. Ẹni tó ń ṣí màrìwò ló fẹ́ gbà á là. Òun, Adébùsọ́lá, ló ń bò ó padà. Ìtọ́jú òun ló pa á! Ó sáré gba ilé Àlàó lọ.

Ẹrù ilé wọn ti wà lórí lọ́rì. Ìkòrò ni wọ́n ń kó lọ, níbi tí ẹnìkan ti fún wọn nílẹ̀. Àníkẹ́ ń to ọmọ tòmátì rẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀, ó ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù bò ó.

Adébùsọ́lá kúnlẹ̀. "Ìyá Bùràímọ̀, ẹ dákun. Omi ló pa á. Èmi ni mo pa á."

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀?"

"Ẹ ò bi mí ni. Ẹ̀gbọ́n Sarah lẹ bi. Èmi tí mo bá yín gbìn ín, ẹ ò bi mí."

"Ẹ má lọ. Ọkọ mi á dá ilẹ̀ yín padà."

"Mo ti foríjì yín. Ẹ dìde, ilẹ̀ á ba aṣọ yín jẹ́. Ṣùgbọ́n tí ewúrẹ́ bá jẹ iṣu ẹnìkan lọ́dún tó ń bọ̀, orúkọ ta ni wọ́n á kọ́kọ́ pè?"

Adébùsọ́lá tún ẹbè mìíràn ṣe, ó sì hù, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́. Nígbà tí tòmátì rẹ̀ fi pọ́n, tòmátì ti kún ọjà Àrámọkọ débi pé ewúrẹ́ ń jẹ ẹ́ nílẹ̀. Ọlọ́runfẹ́mi ti wà ní Àkúrẹ́, ó ń ru búlọ́ọ̀kù.

Ẹ̀yin ará mi, ẹ tètè gbin irúgbìn yín kí òjò tó dé, ẹ fún un ní àyè, ẹ jẹ́ kí oòrùn rí i. Bó bá sì kú, ẹ kọ́kọ́ wo ìdí rẹ̀, ẹ wo ilẹ̀, ẹ pe ẹni tó mọ̀ kó wò ó. Kí ẹ tó dárúkọ aládùúgbò yín, ẹ lọ bá a, kí ẹ bi í ní ìbéèrè kan péré. Ojú Adébùsọ́lá ni gbogbo èyí ṣe. Ó dúró lẹ́bàá ọ̀nà lọ́jọ́ tí wọ́n kó lọ, ọwọ́ rẹ̀ lórí, nígbà tí Àlàó tan lọ́rì rẹ̀. Àníkẹ́ gun iwájú, ó gbé apẹ̀rẹ̀ lé itan. Adébùsọ́lá pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́rì náà gun òkè, ó yà sọ́tùn-ún, Àníkẹ́ kò sì bojú wẹ̀yìn.