Ọ̀já Ṣùmbọ̀ Lẹ́nu Fèrèsé

Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kẹjọ ọdún 2023, Ọláṣùmbọ̀ Akínṣọlá kú ní ilé ìwòsàn kan ní Houston. Àìsàn ọkàn ni. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni.

Ọkọ rẹ̀, Bàbá Akínṣọlá, òun nìkan ló padà sílé wọn ní Brays Oaks lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ooru sì pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bí àlejò tí ó ti ń dúró dè é láti àárọ̀.

Ilé náà ti gbó. Ọdún 1982 ni tọkọtaya náà rà á, nígbà tí ọmọ wọn kan ṣoṣo, Adérìnsọ́lá, ṣì ń rá kòrò. Bíríkì pupa ni wọ́n fi kọ́ ọ. Igi píkáànì kan wà níwájú rẹ̀, ewúro wà lẹ́yìn, àwọn fèrèsé rẹ̀ sì jẹ́ onígíláàsì ẹyọ kan tí ń gbọ̀n rìrì bí ọkọ̀ akẹ́rù bá ti kọjá.

Nígbà náà, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó wà ní Houston ló ń kàwé lọ́sàn-án tí wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ lálẹ́. Wọn kò lágbára owó daycare tí ń bá ni tọ́jú ọmọ. Ọ̀dọ̀ Ṣùmbọ̀ ni wọ́n ń kó ọmọ wọn sí. Bó bá pọn ọ̀kan, a tẹ́ ọ̀kan sílẹ̀, a sì máa fi ẹsẹ̀ mi ẹ̀kẹta. Bí ọ̀já kan bá ti gbó débi tí kò lè gbé ọmọ dúró mọ́, Ṣùmbọ̀ kì í sọ ọ́ nù. Yóò ká a bí ẹni ká ẹní, yóò sì kì í bọ ẹnu fèrèsé tàbí abẹ́ ilẹ̀kùn, níbi tí afẹ́fẹ́ tútù ti ń jò jáde.

"Akínṣọlá," a máa wí, "ojú ọ̀run Texas la ń fi owó iná wa mú tutù, kì í ṣe ilé yìí."

"Máa dí i lọ," ni ọkọ rẹ̀ máa ń dáhùn. "Lọ́jọ́ kan, ọ̀run á tutù tán."

Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, ó bá ọkọ rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ kan. Àwọn ilé àtijọ́ àdúgbò wọn ti ń wó lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn oníṣòwò ilé ń rà wọ́n, wọ́n ń fi katakata wó wọn palẹ̀, wọ́n sì ń kọ́ ilé gíga tóóró sípò wọn. Ṣùmbọ̀ wò wọ́n lójú fèrèsé.

"Bí mo bá ṣáájú rẹ lọ, má ta ilé yìí fún àwọn tó máa wó o. Ẹni tí yóò pọn ọmọ nínú rẹ̀ ni kí o tà á fún."

Bàbá ṣèlérí. Kò sì ṣòro, nítorí ó ti mọ ẹni náà. Olúwaníyì àti ìyàwó rẹ̀ Bùsọ́lá dé láti Nàìjíríà pẹ̀lú ìwé ìgbélùú ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Apartment kan ní Gulfton ni wọ́n ń gbé pẹ̀lú ọmọ wọn obìnrin, owó ilé sì ń gun orí lọ́dọọdún. Wọ́n ti forúkọ sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ẹni tí kò ra ilé rí, kí wọ́n lè tọrọ owó ìrànwọ́ ìjọba. Bàbá gbà láti tà á fún wọn ní iye tí apá wọn lè ká. Lẹ́yìn ìrántí ọdún kan, yóò kó lọ sọ́dọ̀ Adérìnsọ́lá ní Missouri City, lẹ́bàá Houston.

Ìrántí yẹn gan-an ló fẹ́ ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Níbi àdúrà ogójì ọjọ́, ilé náà gbóná. Àwọn àlejò ń fi ìwé ètò àdúrà fẹ́ ara wọn. Ìyá àgbà kan nínú ẹgbẹ́ ìlú wọn nu ojú, ó ní, "Akínṣọlá, kí o tún ilé yìí ṣe kó tó di ọdún kan o. Ilé wa lọ́hùn-ún, a kì í ṣe ìrántí òkú nínú ilé tí a kò tún ṣe."

Òtítọ́ ni ìyá sọ. Ọ̀rọ̀ náà sì bá Bàbá sùn, ó bá a jí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Karùn-ún, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Kí Bàbá tó ṣí i tán, ọkùnrin náà ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja tòun ti ṣẹ́ẹ̀tì funfun lọ́rùn.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà."

"Dìde, dìde. Aṣọ rẹ á dọ̀tí."

"Gbóyèga lorúkọ mi, sà. Wọ́n ní ará Ìkìrun ni yín. Ará Ìkìrun lèmi náà."

"Ilé ta ni?"

"Ẹ̀bá ọjà níbẹ̀ yẹn, sà."

Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìlú wo ni kò ní ẹ̀bá ọjà? Ṣùgbọ́n ẹni tó dọ̀bálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ti gba àga.

Gbóyèga fi ọwọ́ kan fèrèsé, ó mi orí. "Ẹ wo bí afẹ́fẹ́ ṣe ń wọlé. Ìjọba ti ní ká máa pààrọ̀ fèrèsé ilé àtijọ́ fún àwọn àgbà, sà. A ó fi solar sórí òrùlé pẹ̀lú. Ẹ ò ní san kọ́bọ̀. Ìka yín nìkan la nílò."

"Ìka mi?"

"Lójú fóònù yìí, sà. Ẹ kàn fi fa ìlà síbí."

"Ìgbà wo lẹ máa parí?"

"Kí oṣù Kẹjọ tó wọlé. Mo gbọ́ pé ìrántí Màmá ń bọ̀. Àlejò Màmá ò ní làágùn lẹ́ẹ̀kejì, sà."

Ibi tó ń dun Bàbá gan-an ló tẹ̀ yẹn. Ó wá awò ojú rẹ̀, ó sì na ìka.

Bùsọ́lá ló wọlé lákòókò náà. Ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, àwo ọbẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí wọn.

"Bàbá, kí lẹ fẹ́ fọwọ́ sí?"

"Fèrèsé ọ̀fẹ́. Ìjọba ló ń sanwó."

Bùsọ́lá yíjú sí àlejò. "Ẹ̀gbọ́n, ọ́fíìsì ìjọba wo ni? Ẹ jẹ́ ká pè wọ́n."

"Wọ́n ti ṣíwọ́. Ọ̀la sì ni ètò náà parí."

"Ìjọba tí mo ti ń dúró dè láti oṣù Kejì, òun ló wá ń kánjú lónìí?"

"Ìyàwó, ọ̀rọ̀ àgbà là ń sọ."

"Ẹ má bínú, sà. Ọmọ ẹ̀yìn mi yìí ló máa gbé ilé náà. Ọ̀rọ̀ tiẹ̀ náà ni."

"Bùsọ́lá," ni Bàbá wí pẹ̀lú ohùn líle, "àlejò mi ni."

Kò dìde lórí ìkúnlẹ̀. "Ẹ bá mi wí bó ṣe wù yín, Bàbá. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n pe àǹtí tó ń kọ́ wa."

Olúbùkọ́lá ni àǹtí náà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa gba àwọn tó fẹ́ ra ilé nímọ̀ràn, ní ọ́fíìsì kan tí ìjọba fọwọ́ sí. Bùsọ́lá pè é, ó sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ fún un, ó sì gbé ohùn fóònù síta kí gbogbo wọn lè gbọ́.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Bàbá. Ẹ kú ìrọ́jú Màmá. Mo bẹ̀ yín, ẹ kọ́kọ́ mú ìka yín kúrò lórí fóònù yẹn."

Bàbá mú un kúrò.

"Ìrànwọ́ ìjọba wà lóòótọ́, sà. Ọ̀kan wà fún ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ tó fẹ́ ra ilé. Òmíràn wà fún dídí ihò ilé àti títẹ́ òwú tí kì í jẹ́ kí ooru wọlé sókè àjà, kí owó iná lè wálẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ wọn ló ń lọ kọ orúkọ sílẹ̀. Ìjọba kì í kan ilẹ̀kùn kí ó ní kí ènìyàn fi ìka fa ìlà lójú ẹsẹ̀. Ohun tó sábà máa ń wà nínú irú ọ̀fẹ́ yìí ni gbèsè tí wọ́n ń so mọ́ ilé."

"Bí wọ́n bá so ó mọ́ ilé ńkọ́? Mo ṣáà fẹ́ tà á."

"Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà, sà. Ilé tí gbèsè dì mọ́, Bùsọ́lá àti ọkọ rẹ̀ kò lè rà á àfi bí ẹ bá san gbèsè náà tán. Bí ẹ ò bá rí i san, ta ló máa rà á? Àwọn tó ń wó ilé ni. Wọ́n á san án, wọ́n á sì gbé katakata dé."

Bàbá yí orí padà. Ó wo ẹnu fèrèsé. Ọ̀já aláró kan tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá wà níbẹ̀, bí Ṣùmbọ̀ ṣe kì í sí.

"Bí mo bá fi owó ara mi bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe kí ìrántí tó pé, ṣé wọ́n á dá a padà?"

"Rárá, sà. Iṣẹ́ tí ènìyàn bá ti ṣe kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, wọn kì í sábà san án padà. Kí ẹ béèrè, kí wọ́n wá wo ilé, kí wọ́n fọwọ́ sí i, iṣẹ́ á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀."

"A jẹ́ pé inú ooru ni a ó ti rántí Ṣùmbọ̀."

"Ooru ò ba ìrántí jẹ́, Bàbá. Ilé tí wọ́n bá ti wó ni a ò lè jókòó sí."

Bàbá ti fóònù padà síwájú Gbóyèga. "Fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀ fún mi kí n kà á. Kí o padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Kò sí ìwé, sà. Inú fóònù ló wà."

"Ará Ìkìrun, nílé wa, bàbá mi kò mọ̀wé, síbẹ̀ kò tẹ àtàǹpàkò sí ohun tí ẹnìkan kò kà sí i létí. Ó dàbọ̀."

Gbóyèga dọ̀bálẹ̀ nígbà tó ń wọlé. Nígbà tó ń jáde, kò rántí.

Ìrántí pé. Ilé gbóná. Ìyá àgbà ẹgbẹ́ ìlú tún ń fẹ́ ara rẹ̀.

"Akínṣọlá, o ò tún ilé yìí ṣe."

"Mò ń dúró de ìjọba ni, Mà."

"Ti Texas ni, àbí ti ọ̀run?"

"Èyí tó bá kọ́kọ́ dé."

Ilé rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí ẹ̀rín ti dún níbẹ̀ kẹ́yìn.

Ìrànwọ́ ìjọba kò yá, ṣùgbọ́n ó dé. Adérìnsọ́lá bá bàbá rẹ̀ wá agbẹjọ́rò, nítorí orúkọ ìyá rẹ̀ ṣì wà lórí ìwé ilé, ẹnikẹ́ni kò sì lè rà á títí tí wọ́n fi tún ìyẹn ṣe. Olùyẹ̀wò tí ìjọba ìlú rán wá yẹ ilé wò, ó ní kí wọ́n tún wáyà iná ẹ̀yìnkùlé ṣe, wọ́n sì tún un ṣe. Olúwaníyì fẹ́ rojọ́ nípa bí nǹkan ṣe ń falẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ní, "Gbóyèga ò falẹ̀, ṣé òun lo fẹ́?" Ìrànwọ́ náà jáde, wọ́n ra ilé, pẹ̀lú àdéhùn pé àwọn fúnra wọn ni yóò máa gbé e. Wọ́n wá kọ orúkọ sílẹ̀ fún dídí ihò ilé.

Ní ọjọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ wá, Bàbá gba òpópónà freeway láti Missouri City wá wò wọ́n. Wọ́n gbé fáànù ńlá kan sẹ́nu ọ̀nà, ó ń fa afẹ́fẹ́ inú ilé síta. Ọ̀kan nínú wọn mú ohun kékeré kan tó ń rú èéfín lọ́wọ́, ó ń gbé e lọ láti fèrèsé dé fèrèsé. Níbi tí ihò bá wà, èéfín náà á yí padà.

Ní gbogbo ibi tó ti yí padà, ọ̀já Ṣùmbọ̀ wà níbẹ̀.

Òṣìṣẹ́ náà dúró. Ó béèrè bóyá ilé iṣẹ́ mìíràn ti wá yẹ ilé náà wò ṣáájú wọn.

"Obìnrin kan ti yẹ̀ ẹ́ wò," ni Bàbá Akínṣọlá wí. "Ó lé ní ogójì ọdún tó fi ṣe é."

Ó ń fa àwọn ọ̀já náà yọ fúnra rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó dí ihò wọn pa.

Ẹ̀yin ará wa tó ń gbé ilé àtijọ́, àti ẹ̀yin tó fẹ́ rà á, ẹ fi ti Bàbá yìí kọ́gbọ́n. Ìrànwọ́ ìjọba kì í wá dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ pe 211 lórí fóònù, níbi tí wọ́n ti ń júwe ìrànwọ́ fún ará ìlú, kí ẹ béèrè ohun tó wà ládùúgbò yín, tàbí kí ẹ lọ bá agbaninímọ̀ràn nípa ilé tí ìjọba fọwọ́ sí. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló tọ́ sí, owó rẹ̀ sì máa ń tán, nítorí náà ẹ tètè béèrè, kí ẹ sì ní sùúrù. Ẹ má ra ilé, ẹ má sì yọ fèrèsé kan, kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Bí ẹni tó ni ilé bá kú, ẹ tètè tún orúkọ tó wà lórí ìwé ilé ṣe. Ẹ má fọwọ́ sí ohun tí a kò jẹ́ kí ẹ kà. Bí ẹ bá sì ti fi ìka fà á fún ẹni tó wá bá yín nílé, òfin sábà máa ń fún yín ní ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta láti fagi lé e. Ẹ má jẹ́ kí ìtìjú gbé ọjọ́ náà kọjá. Àti pé, ẹni tó sọ èdè yín, tó sì mọ̀ ọ́n dọ̀bálẹ̀, ẹ kí i dáadáa, kí ẹ sì béèrè ìwé rẹ̀.

Àwọn ohun tí Ọláṣùmbọ̀ Akínṣọlá fi sílẹ̀ nìyí:

Igi píkáànì kan.

Ewúro lẹ́yìnkùlé, tí Bùsọ́lá ti ń já.

Ìlà pẹ́ńsù lára férémù ilẹ̀kùn yàrá, níbi tó ti ń wọn gíga ọmọ ọlọ́mọ.

Àga onígi kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dọ́gba.

Àpò kan tó kún fún ọ̀já gbígbó, ní Missouri City, lábẹ́ ibùsùn ọkọ rẹ̀.

Ọ̀já aláró mìíràn tó ṣì lágbára, tí kò bọ ẹnu fèrèsé rí, tó wà lẹ́yìn Bùsọ́lá, tó so ọmọ dúró.

Ilé kan tí wọn kò wó.