Ta Ni "A" Tí Ṣàkírù Sọ?

Nígbà ayé àwọn baba wa tó fẹsẹ̀ rìn lọ sí Mẹ́kà, ọdún mẹ́ta, ọdún márùn-ún ni wọ́n ń lò lọ́nà. Ohunkóhun tí ọkọ bá sì padà wá sọ pé òun rí, ìyàwó a ní, "Háà!" Ta ni yóò lọ yẹ̀ ẹ́ wò? Sáà ọkọ̀ òfuurufú àti fóònù tí mò ń ròyìn yìí yàtọ̀. Lọ́jọ́ tí Ruqoyyah sọ̀kalẹ̀ ní Jẹ́dà pẹ̀lú ọgbọ̀n ará Ìwó tó wá ṣe Úmúrà, aṣọ funfun báláú lára gbogbo wọn, ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tó ti fojú kan Ṣàkírù ọkọ rẹ̀ gbẹ̀yìn. Kò sunkún, kò rẹ́rìn-ín. Owú ló gbé wá.

Hájì ni Ṣàkírù wá ṣe, ló bá jókòó pa sí Mẹ́kà láìní ìkámà, ìwé ìgbélùú wọn. Bó bá jáde, kò lè wọlé mọ́. Abdullatif, Lárúbáwá kan tó ń ta ìrìn-àjò ní Jẹ́dà, ló fún un ní yàrá tó ń gbé ní Ar-Rusaifah, ní Mẹ́kà. Iṣẹ́ Ṣàkírù ni pé kó máa fi Yorùbá dídùn sọ̀rọ̀ lórí wásáàpù, kí àwọn tó bá ṣe Úmúrà tán lè kọjá sí Trabzon, nílẹ̀ Tọ́kì. Àwòrán ni Abdullatif ń fi hàn án, ẹnu rẹ̀ ló ń ṣe ìyókù.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, a dé Trabzon! A gun òkè lọ wo ilé àwọn mọ́ńkì, àwọn àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́, tó lẹ̀ mọ́ àpáta. A mu tíì láàárín oko tíì. A gbọ́ èdè Tọ́kì, a gbọ́ ti àwọn Lasi, ẹ̀yà kan níbẹ̀, a fi okùn fò kọjá àfonífojì. A jókòó létí adágún Uzungöl, ìyá arúgbó kan tó wé gèlè pupa sì sun àgbàdo fún wa."

Ìyá alágbàdo yẹn ò sí nínú àwòrán kankan. Àárò Ìwó ló ń sọ Ṣàkírù lọ́jọ́ náà, ló bá fi í sí i.

Ruqoyyah gbọ́ ohùn náà nílé, ó gbọ́ ọ títí ó fi mọ̀ ọ́n sórí. Ní ilé ìtura wọn ní Ash-Shubaikah, ní Mẹ́kà, ó kúnlẹ̀ kí ọkọ rẹ̀ bó ti yẹ.

"Ẹ kú àtijọ́, Bàbá Kìfáyàtù."

"Káàbọ̀ o, Ìyá Kìfáyàtù. Ọmọ wa ńkọ́?"

"Ó wà. Ta ni 'a'?"

"'A' báwo?"

"Ẹ ní a gun òkè, ẹ ní a mu tíì. Ẹ ò sọ pé mo. Ọdún mẹ́sàn-án lẹ ò fi rọ́nà wálé, ẹ wá rọ́nà dé Tọ́kì. Ta lẹ bá lọ?"

Ṣàkírù káwọ́ lérí. "Wallahi, mi ò dé ibẹ̀ rí! Ọ̀rọ̀ ọjà ni."

"Bó bá jẹ́ òótọ́, ẹ wí i lójú gbogbo àwọn ará Ìwó. Màá gbà."

Lẹ́yìn ìrun Àsárì, Abdullatif dé nínú jàlàbíà funfun rẹ̀. Àlàájà Safiyya, olórí àwọn ará Ìwó, bèèrè pé, "Àlàájì Ṣàkírù, ibi tí ẹ ń pọ́n fún wa yìí, ṣé ẹ fojú ara yín rí i?"

Gbogbo ojú yí sí i. Ruqoyyah ò ṣẹ́jú. Ṣàkírù wo ìyàwó rẹ̀, ó wo Abdullatif, ó rántí yàrá Ar-Rusaifah, ó rántí ọlọ́pàá.

"Mo fojú ara mi rí i," ló wí.

Áà, ọkùnrin yìí! Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Nígbà tí wọ́n ń wọkọ̀ lọ bá ọkọ̀ òfuurufú Trabzon, Ruqoyyah sọ sí i létí pé, "Mò ń lọ wò ó. Bí ẹyọ nǹkan kan péré bá yàtọ̀ sí bí ẹ ti wí, irọ́ ọjà ni, màá bẹ̀ yín, màá sì máa retí yín nílé. Bí gbogbo rẹ̀ bá pé, ẹ dé ibẹ̀ nìyẹn."

Ọjọ́ mẹ́ta ni Ṣàkírù fi ń ṣe àdúà ní mọ́sálááṣí Háráámù. Owú ń jẹ òun náà, pé àwọn ará Ìwó ń wo ohun tí ẹnu rẹ̀ pọ́n, tójú rẹ̀ ò ní rí. Òkè ò ní yẹ̀, adágún ò ní gbẹ, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyá alágbàdo nìkan ló lè gbà á sílẹ̀, torí Ṣàkírù fúnra rẹ̀ ló fẹnu dá a, kò lè sí níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹrin, ohùn Ruqoyyah wọlé sórí fóònù.

"Bàbá Kìfáyàtù, mo wà létí adágún. Gèlè ẹ̀ pupa lóòótọ́. Mo ra àgbàdo mẹ́ta lọ́wọ́ ẹ̀. Mo jẹ ọ̀kan, mo ju méjì sómi, tiyín àti ti ẹni tí ẹ bá lọ. Ó dìgbà o."

Ṣàkírù pè é, kò gbé e. Ó jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, ó ń gbọ́ ohùn náà, ó gbọ́ ọ títí ó fi mọ̀ ọ́n sórí.