Ọmọ Tuntun Inú Ilé Ọ̀rá

Nthati lorúkọ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni, eyín iwájú méjì sì ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Lórí òkè ní Lesotho ni òun àti Nkhono, ìyá ìyá rẹ̀, ń gbé. Òtútù ibẹ̀ kì í ṣeré rárá.

Ilé ọ̀rá kékeré kan wà lẹ́yìnkùlé wọn, níbi tí òtútù kò ti ní pa ohun ọ̀gbìn. Bàbá àgbà, ọkọ Nkhono, ló kọ́ ọ kí ó tó kú. Igi mẹ́rin àti ọ̀rá kan ṣoṣo, ilé délé.

Bàbá àgbà tún fi irúgbìn tòmátì díẹ̀ sílẹ̀ nínú agolo. Nkhono gbin gbogbo rẹ̀.

"Bí èyí bá kú, kò sí òmíràn mọ́ o," ni Nkhono wí.

Ọ̀kan yọrí. Pẹ́! Èkejì yọrí. Pẹ́! Pẹ́, pẹ́, pẹ́, èhù tòmátì kún ilé ọ̀rá!

"Nkhono, ẹ wá wò ó! Wọ́n ti bí wọn!"

Lọ́dọ̀ tiwọn, bí wọ́n bá bímọ, wọn a fi ọ̀pá eèsún kọ́ sókè ìlẹ̀kùn. Àlejò ò ní wọlé. Ọmọ tuntun ò sì ní jáde.

Nígbà tí Nkhono lọ lọ àgbàdo, Nthati wá ọ̀pá eèsún kan. Ó fi kọ́ sókè ìlẹ̀kùn ilé ọ̀rá. Ó so ìlẹ̀kùn rẹ̀ pinpin.

"Ẹ má jáde o. Ọmọ tuntun ni yín."

Pàkà, pàkà, pàkà! Ntate Lebona, aládùúgbò wọn, ń gẹṣin kọjá. Ó rí eèsún. Kíá, ó ṣí fìlà.

"Ẹ kú ewu ọmọ o! Ta ló bímọ? Àbí Nkhono ni?"

"Rárá o, Ntate. Tòmátì ni!"

Ntate Lebona rẹ́rìn-ín títí, ó kù díẹ̀ kó já bọ́. "Ọlọ́run á wò wọ́n o!"

Oòrùn yọ. Oòrùn mú. Ilé ọ̀rá gbóná janjan.

Nkhono dé, ó tú ìlẹ̀kùn. Fùùù! Ooru gbá a lójú.

Gbogbo èhù ti dorí kodò.

"Yéè! Mo ti pa tòmátì Bàbá àgbà!" Nthati bú sẹ́kún.

"Dákẹ́, ọmọ mi. Àìmọ̀ ni, kì í ṣe ìkà." Nkhono bu omi wọ́n wọn. "Ọmọ tòmátì yàtọ̀ sí ọmọ èèyàn. A máa ń ṣílẹ̀kùn fún un lọ́sàn-án. A máa ń tì í nírọ̀lẹ́."

Ọjọ́ rọ̀. Atẹ́gùn tútù dé. Fìì! Fìì! Àwọn èhù ò tíì gbérí.

Nthati fara ti ògiri òkúta, ó ń ronú. Ẹ̀yìn rẹ̀ ń lọ́ wọ́ọ́rọ́.

"Nkhono! Òkúta ṣì gbóná! Ó ti yáná oòrùn!"

Ó ṣa òkúta kan lẹ́bàá ògiri. Gbì! Ó gbé e sáàárín àwọn èhù. Ó gbé òmíràn. Gbì! Ó gbé e títí ọwọ́ fi ń ro ó.

Lẹ́yìn náà, ó bọ́ kúbùsù èjìká rẹ̀. Ó fi bo ilé ọ̀rá látòkè délẹ̀.

"Ìwọ ńkọ́?" ni Nkhono bi í.

"Inú tiyín ni mo máa wọ̀."

Ni Nkhono bá ṣí kúbùsù tirẹ̀ sílẹ̀, Nthati kó síbẹ̀.

Ilẹ̀ mọ́. Ìrì ti dì sórí koríko, gbogbo òkè funfun báláú. Nthati sáré. Rírún, rírún, rírún lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ó ṣílẹ̀kùn.

Gbogbo èhù dúró ṣánṣán!

"Wọ́n yè! Nkhono, wọ́n yè!"

Nkhono bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ pa ewé kan. Ó gbé ọwọ́ sí imú.

"Nkhono, ẹ̀ ń sunkún?"

"Gbóòórùn rẹ̀." Nkhono na ọwọ́ sí i. "Bí ọwọ́ Bàbá àgbà rẹ ṣe máa ń ta sánsán nìyẹn, tó bá ti ibí yìí bọ̀."

Nthati ti ń gbàgbé ojú Bàbá àgbà díẹ̀díẹ̀. Ó dijú. Ó fa òórùn náà símú.

"Òun ni, Nkhono," ló wí. "Òun náà ni."