Ìrìn Tó Wà Nínú Aṣọ Adìyẹ

"Jáde nílé mi! Mo ní kó o jáde!"

Ọkọ ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ ní pálọ̀ lọ́sàn-án gangan, ó na fóònù síwájú. Ìyàwó rẹ̀, oníjó, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Bàbá ọkọ, tí wọ́n ránṣẹ́ pè kó wá gbọ́ ẹjọ́, jókòó, ó fọwọ́ lérán. Ẹ̀gbọ́n ọkọ, obìnrin tó kọ ilé ọkọ tirẹ̀ sílẹ̀ tó wá ń jẹ gàba nílé àbúrò rẹ̀, ló ń koná mọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ìkà gbáà ni. Kò mọ̀ pé òkú kan yóò dá sí ẹjọ́ yẹn kí oòrùn tó wọ̀.

Báyìí lọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. Àwọn aláwàdà kan mú orin ìfẹ́ tí gbogbo ènìyàn ń kọ, wọ́n sọ ọ́ di ẹ̀fẹ̀, wọ́n sì gba ìyàwó síṣẹ́ ọjọ́ méjì pé kó wọ aṣọ adìyẹ jó pẹ̀lú akọrin nínú fídíò rẹ̀. Fóòmù ni orí adìyẹ náà, ó tóbi ju garawa lọ. Ìrù rẹ̀ wúwo, ìbàdí ni wọ́n ń so ó mọ́. Ihò ẹnu adìyẹ nìkan ni ẹni tó wà nínú rẹ̀ fi ń ríran, kò sì lè rí ju ilẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kìíní, ìyàwó jó títí òógùn fi kún bàtà rẹ̀. Èémí ara rẹ̀ ń dún sí i létí bíi pé ẹlòmíràn wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó pe orúkọ rẹ̀. Nídìí iṣẹ́ yẹn, aṣọ téèyàn bá wọ̀ ni wọ́n fi ń pè é: "Adìyẹ, bọ́ síbí! Adìyẹ, tún un jó!" Ọ̀gá tó ń ya fídíò kò tilẹ̀ rí ojú rẹ̀. Nígbà tó délé, ó rò ó fún ẹ̀gbọ́n ọkọ, wọ́n jọ rẹ́rìn-ín.

"Wò ó!" Ẹ̀gbọ́n ọkọ nàka sí fóònù. "Adìyẹ ló jókòó lé akọrin lẹ́sẹ̀ yìí! Ó tún fọwọ́ kọ́ ọ lọ́rùn! Àbúrò mi, ṣé ijó nìyẹn? Alágbèrè!"

"Àǹtí, ẹ má bú mi. Èmi kọ́ nìyẹn. Ọjọ́ kìíní nìkan ni mo lọ. Ẹ̀yin lẹ gbé fóònù mi nígbà tí mo ń wẹ̀, ẹ̀yin lẹ sì sọ fún mi pé ọ̀gá ní iṣẹ́ ti parí."

"Èmi? Kí n kú bí mo bá fọwọ́ kan fóònù ẹ! Àbúrò mi, ṣé o ti pe ọ̀gá wọn?"

"Mo ti pè é," ọkọ dáhùn. "Ó ní Adìyẹ wá lọ́jọ́ méjèèjì."

"Ẹ gbọ́! Àṣírí ti tú! Ọdún méjì nílé yìí, adìyẹ tí kò yé ẹyin kan!"

Omi lé ròrò sójú ìyàwó, ṣùgbọ́n kò bú u padà. Ó kúnlẹ̀ níwájú Bàbá.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó dópin kí wọ́n tó lé mi. Ibi tó ti jókòó yẹn nìkan ni Àǹtí ń fi hàn yín."

"Kí la tún fẹ́ wò?" Ẹ̀gbọ́n ọkọ yára nawọ́ sí fóònù, ṣùgbọ́n Bàbá ti gbà á.

Nínú fídíò, Adìyẹ dìde lẹ́sẹ̀ akọrin. Ó ti rẹ̀ ẹ́, ìrù wúwo yẹn sì ń fà á sẹ́yìn. Ó fọwọ́ òsì ti ìbàdí. Ó wọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún. Lẹ́yìn ìṣísẹ̀ mẹ́ta, ó dúró, ó mí, ó mi orí díẹ̀ bí ẹni tó ń dá ara rẹ̀ lóhùn, ó tún wọ́ ẹsẹ̀ náà. Àwọn ènìyàn inú fídíò ń rẹ́rìn-ín.

"Ìyá yín nìyẹn," Bàbá sọ jẹ́jẹ́.

Ọdún márùn-ún ni ìyá ti kú. Bó ṣe máa ń ru omi bọ̀ láti ìdí ẹ̀rọ nírọ̀lẹ́ nìyẹn, láìyẹ̀ rárá.

"Ó... ó ń sín Màmá jẹ ni!" ẹ̀gbọ́n ọkọ kígbe. "Ó ń fi òkú ìyá wa ṣe yẹ̀yẹ́!"

"Àǹtí, níbo ni mo ti rí Màmá? Wọ́n ti kú kí n tó dé ilé yìí. Fọ́tò wọn nìkan ni mo mọ̀, wọ́n sì jókòó nínú ẹ̀."

Ọkọ yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àwọn méjì péré ni ìyá náà bí.

Bàbá gbé fóònù sún mọ́ ojú ọmọ rẹ̀ obìnrin. Adìyẹ ń wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀, ó ń tóbi sí i, bíi pé yóò jáde sí pálọ̀.

"Ẹ pa fóònù yẹn!" ẹ̀gbọ́n ọkọ kígbe. "Màmá, ẹ dákun! Èmi ni! Èmi ni mo gbé fóònù, èmi ni mo tètè lọ wọ aṣọ náà kí ẹnikẹ́ni tó rí mi! Mo fẹ́ kó lé e jáde ni! Màmá, mi ò mọ̀ pé ẹ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú mi!"

Bí òpùrọ́ náà ṣe fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ nìyẹn.

"Kó ẹrù rẹ," ni Bàbá sọ fún un. "Ìwọ ni ilé yìí kò gbà mọ́."

Ó lọ kí ilẹ̀ tó ṣú, kò sẹ́ni tó sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Ọkọ kúnlẹ̀. "Ìyàwó mi, mo ṣẹ̀ ọ́. Dárí jì mí."

"Òkú ló gbà mí sílẹ̀," ìyàwó dáhùn. "Ẹ̀yin sì ni mo fẹ́, kì í ṣe òkú."

Ọkọ wà lórí ìkúnlẹ̀ rẹ̀.

Bàbá kò tíì kúrò lórí àga. Ó ń yí fóònù síbí sọ́hùn-ún lọ́wọ́.

"Ìyàwó wa, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń dá fídíò yìí padà sẹ́yìn."

Kò sí ohun tí ìyàwó kórìíra bíi fídíò náà. Ó jókòó ti Bàbá, ó dá a padà síbi tí Adìyẹ ti dìde, ó sì gbé e dání níwájú arúgbó náà.

"Ẹ sọ fún mi tó bá ti tó, sà."

Bàbá kò sọ pé ó tó.