Yàrá Aláwọ̀ Òrí

"Ki ọwọ́ rẹ bọ inú igbá yẹn dáadáa," Ìyá Àgbà wí. "Má fi ìka méjì mú un bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò."

Mùjíbátù rẹ́rìn-ín, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú amọ̀ náà títí dé ọrùn ọwọ́. Ó tutù, ó sì rọ̀. Láàárọ̀ yẹn ló lọ wà á létí odò, lábẹ́ gbòǹgbò igi ńlá kan tí ilẹ̀ ibẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tí èèyàn ò lè sọ bóyá pupa ni tàbí funfun.

Abúlé wọn kò jìnnà sí Erúnmu, kò sì ju agbo ilé mẹ́fà lọ. Ọdún ogun Ìjàyè ni. Sàníù, bàbá Mùjíbátù, ti bá àwọn ọkùnrin yòókù lọ sí àgọ́ ogun. Kó tó lọ, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó kọ́ yàrá tuntun kan fún ìyá rẹ̀, nítorí òjò ti jẹ ẹsẹ̀ ògiri yàrá àtijọ́. Ó rẹ́ ògiri náà, ó so ilẹ̀kùn mọ́ ọn, ó wá fi kíkùn rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn obìnrin, torí iṣẹ́ tiwọn nìyẹn. Mùjíbátù ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí wọ́n máa fi odindi yàrá kan lé e lọ́wọ́.

Ìyá Àgbà Títíladé fúnra wọn ni wọ́n máa ń pè tẹ́lẹ̀ rí láti kun yàrá ìyàwó tuntun, títí dé Lálùpọn. Ṣùgbọ́n ó ti tó ọdún mẹ́ta tí ojú wọn ti ń ṣú. Wọn kì í ráhùn. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè, wọ́n á ní ojú àwọn ṣì ń ríran díẹ̀díẹ̀, wọ́n á sì yí ọ̀rọ̀ padà.

"Irú àwọ̀ wo lẹ fẹ́, Ìyá Àgbà?"

"Àwọ̀ òrí. Kì í ṣe òrí tuntun tó funfun yẹn o. Òrí tó ti jókòó pẹ́ nínú igbá, tó ti ń pọ́n bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Àwọ̀ tó jẹ́ pé téèyàn bá wò ó, ara á móoru."

Wọ́n ní kó po amọ̀ náà mọ́ ẹfun lọ́nà mẹ́rin, kó fi ọ̀kọ̀ọ̀kan kun ògiri ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́. "Lẹ́yìn náà, jókòó tì í," wọ́n ní. "Má tíì gba amọ̀ tútù gbọ́. Jẹ́ kó gbẹ. Wò ó láàárọ̀, kó o tún wò ó nírọ̀lẹ́. Inú yàrá yẹn gan-an ni kó o ti wò ó, má lọ kùn ún sára ògiri ìta kó o máa wò ó nínú oòrùn."

Láyé ìgbà yẹn, yàrá kì í ní fèrèsé. Ìmọ́lẹ̀ tó bá fẹ́ wọlé, ẹnu ọ̀nà nìkan ló ń gbà, lẹ́yìn tó bá ti la ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, nígbà tó bá sì fi máa dé ọ̀dọ̀ ẹni tó wà nínú ilé, ó ti rẹ̀ ẹ́. Mùjíbátù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri kejì, ó ń wo àwọn àwọ̀ mẹ́rin náà bí wọ́n ṣe ń gbẹ. Ọjọ́ méjì ló fi ṣe é. Ẹ lè sọ pé iṣẹ́ ọ̀lẹ ni, ṣùgbọ́n ẹ ò tíì wo ògiri títí tí òun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í wò yín.

Èkíní funfun jù, ó ń ta sójú. Èkejì àti èkẹrin ò kúrò ní àwọ̀ etí odò. Èkẹta, nígbà tó ṣì tutù, ẹrọ̀fọ̀ lásán ni. Ṣùgbọ́n nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, nígbà tí oòrùn tẹ̀ wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, Mùjíbátù ṣẹ́jú pẹ́ẹ́ báyìí, àwọ̀ náà sì dé. Apá Ìyá Àgbà ni Mùjíbátù rí níbẹ̀, bó ṣe máa ń rí lẹ́yìn ìwẹ̀, nígbà tí wọ́n bá ti fi òrí pa á. Ó rí eruku ojú ọ̀nà tí bàbá rẹ̀ máa gbà padà wálé. Inú rẹ̀ dùn láìmọ ìdí. Ó gbé àgbọ̀n lé orúnkún, ó ń wò ó bẹ́ẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi fẹ́ pa dé.

Ibẹ̀ ni Fàtímọ̀ bá a. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ni Fàtímọ̀, ọmọ agbo ilé jagunjagun kan tó lórúkọ lágbègbè wọn, ó sì fẹ́ràn kó máa sọ bí nǹkan ṣe ń lọ nílé wọn.

"Kí lèyí? Ṣé ẹ̀kọ lo dà sára ògiri ni?"

"Àwọ̀ òrí ni. Ìyá Àgbà ló ní àwọn fẹ́ ẹ."

"Òrí kẹ̀! Ọjọ́ mẹ́wàá péré ló kù ká ṣọdún Iléyá. Gbogbo ẹgbẹ́ wa ló máa wá kí yín. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n ní yàrá àkọ́kọ́ tí Mùjíbátù kùn, bí ẹni pé kò kùn ún rárá ló rí?" Fàtímọ̀ fọwọ́ pa ògiri náà, ó yínmú. "Ṣebí o mọ yàrá ìyá mi? Pupa ni. Ó ń dán débi pé o lè rí eyín ara rẹ níbẹ̀. Mo máa bá ọ mú ilẹ̀pa wá, màá sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é."

"Ìyá Àgbà ńkọ́?"

Fàtímọ̀ rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìyá Àgbà kúkú ń ríran mọ́ ni? Ta ló máa sọ fún wọn?"

Mùjíbátù mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn kò dáa. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ó mọ̀. Ó tiẹ̀ yíjú wo àwọ̀ kẹta náà bí ẹni tó fẹ́ bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ó ti ń rí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú aṣọ ọdún lára wọn, wọ́n lanu, wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀. Irú àlá bẹ́ẹ̀ dùn púpọ̀ lójú ọmọ ọdún mẹ́rìnlá.

Ọjọ́ mẹ́rin ni àwọn méjèèjì fi ṣe é. Wọ́n gún ilẹ̀pa, wọ́n kù ú, wọ́n fi omi èèpo èso igi irú pò ó kó lè le, wọ́n wá fi òkúta tó jọ̀lọ̀ ra ògiri títí tó fi ń kọ mọ̀nà. Díẹ̀ lára àwọ̀ kẹta nìkan ló ṣẹ́ kù lẹ́yìn ilẹ̀kùn, níbi tí ọwọ́ wọn ò dé dáadáa. Ìyá Mùjíbátù máa ń wà lóko látàárọ̀ dalẹ́, torí iṣẹ́ tọkọtaya ti di ti ẹnì kan. Nígbà tí wọ́n dé lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ọwọ́ rẹ mọ́ iṣẹ́, ọmọ mi. Ṣé bí Ìyá Àgbà ṣe ní kó o ṣe é nìyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," Mùjíbátù wí, ojú rẹ̀ sì wà nílẹ̀.

Nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí ọdún pé, wọ́n kó ẹní Ìyá Àgbà àti ìkòkò omi wọn lọ sí yàrá tuntun. Ọ̀sán ni, òjò ò sì sí lójú ọ̀run. Ìyá Àgbà gbọ́wọ́ lé èjìká Mùjíbátù, wọ́n jọ wọlé. Bí wọ́n ṣe gbé ẹsẹ̀ kejì wọlé, Ìyá Àgbà dúró.

"Mùjíbátù, ta ló ti ilẹ̀kùn?"

Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu.

"Kò sẹ́ni tó tì í, Ìyá Àgbà."

Ìyá Àgbà na ọwọ́, wọ́n wá ògiri kàn, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ pa á lọ pa á bọ̀. "Ó dán," wọ́n ní.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn ará ilé gbọ́ gbàmù. Nígbà tí wọ́n fi máa sáré débẹ̀, ìkòkò omi ti fọ́, Ìyá Àgbà sì wà nílẹ̀ nínú omi, wọ́n di ọwọ́ òsì mú. Igun tó dojú kọ ilẹ̀kùn ni wọ́n forí lé, wọ́n rò pé ibẹ̀ ni àwọn máa gbà jáde. Wọ́n tún ń rẹ́rìn-ín kí ẹ̀rù má baà ba àwọn èèyàn.

"Ẹ má dààmú," wọ́n ní. "Mo rò pé ilẹ̀ ò tíì mọ́ ni."

Oòrùn ti yọ látìgbà tó ti pẹ́.

Ìyá Mùjíbátù fi aṣọ di ọrùn ọwọ́ náà, torí ó ti wú. Ní gbogbo ọjọ́ yẹn, Ìyá Àgbà ò wọ inú yàrá mọ́. Wọ́n tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n jókòó sójú kan. Mùjíbátù ò lè jẹun. Nírọ̀lẹ́, ó kúnlẹ̀ níwájú wọn, ẹkún sì gba ẹnu rẹ̀.

"Ìyá Àgbà, èmi ni. Ẹ ní àwọ̀ òrí, mo fi pupa kùn ún. Mo rò pé... mo rò pé ẹ ò ní mọ̀."

Ìyá Àgbà gbọ́wọ́ lé e lórí. "Mo ti mọ̀ látìgbà tí mo wọlé. Mùjíbátù, ó ti pẹ́ tí mi ò ti rí ojú rẹ mọ́. Ohun tó kù fún mi ni ibi tó mọ́lẹ̀ àti ibi tó ṣókùnkùn. Bí ògiri bá mọ́lẹ̀ díẹ̀, màá mọ ibi tí ìkòkò wà, màá sì mọ̀ bí èèyàn bá dúró síwájú mi. Bó bá jẹ́ ẹfun nìkan, á máa ta mí lójú, á máa dùn mí. Ìdí tí mo fi ní kó o wá àwọ̀ òrí nìyẹn. Ẹwà kọ́ ni mò ń wá."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún wa?"

"Bàbá rẹ wà lójú ogun, ìyá rẹ wà lóko. Ta ni kí n wá gbé ọ̀rọ̀ ojú mi lé lórí?"

Mùjíbátù sunkún gan-an. Ìyá rẹ̀ náà gbọ́ gbogbo rẹ̀. Wọn ò lù ú, wọ́n kàn wò ó, ìyẹn sì dùn ún ju ẹgba lọ.

Amọ̀ kì í lẹ̀ mọ́ ògiri tó bá ti dán bẹ́ẹ̀. Ó di dandan kí wọ́n ha gbogbo pupa náà kúrò. Bó ṣe jẹ́ nìyẹn tí ọjọ́ Iléyá fi bá Mùjíbátù nínú yàrá pẹ̀lú àlòkù ọkọ́ lọ́wọ́, tí eruku pupa bo orí àti ìpéǹpéjú rẹ̀. Fàtímọ̀ dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú aṣọ tuntun.

"Nu ara rẹ ká lọ sí yídì! Àwọn yòókù ti ń dúró."

"Ẹ máa lọ."

Fàtímọ̀ fẹ́ sọ̀rọ̀, àmọ́ ó bojú wẹ̀yìn, ó rí Ìyá Àgbà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ tí wọ́n fi aṣọ dì. Ó rọra lọ. Nígbà tí wọ́n ti yídì dé, ó padà wá, ó ti pààrọ̀ aṣọ. Ó wá àfọ́kù ìkòkò omi yẹn kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha ògiri kejì.

Àwọ̀ kẹta tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn ilẹ̀kùn ni Mùjíbátù wá fi ṣe àpẹẹrẹ. Ó po amọ̀ etí odò mọ́ ẹfun, ẹ̀kúnwọ́ kan lẹ́yìn òmíràn, ó ń fi díẹ̀díẹ̀ kùn ún sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́, ó ń jókòó tì í kó gbẹ. Nígbà tó kun gbogbo yàrá tán, ẹrọ̀fọ̀ ló tún jọ. Ọkàn rẹ̀ ṣe bí ẹni pé kó sáré da ẹfun sí i. Ó di ọwọ́ ara rẹ̀ mú. Òjò rọ̀, ó dá, ó tún rọ̀. Nínú yàrá, ògiri ń gbẹ láìdún, àwọ̀ náà ń jáde láti ìsàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń jí lójú oorun.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, ìyá rẹ̀ mú Ìyá Àgbà wá sẹ́nu ọ̀nà. Mùjíbátù dúró ní igun tó jìnnà jù lọ, kò mí gbinrin, ẹ̀rù ń bà á. Ìyá Àgbà gbé orí sókè. Wọ́n yí ojú lọ sí ọ̀tún pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n yí i sósì.

"Ilẹ̀ ti mọ́," wọ́n ní.

Wọ́n jọ̀wọ́ ọwọ́ ìyá Mùjíbátù. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ kan, wọ́n gbé èkejì, wọ́n yà fún ìkòkò omi tuntun láìfọwọ́ kàn án. Igun yẹn gan-an ni wọ́n forí lé, wọ́n sì dúró níwájú ọmọ náà.

"Kí ló dé tó o fi sá sí kọ̀rọ̀ bí ẹni tó jalè? Ṣé o rò pé mi ò rí ọ ni?"

Mùjíbátù dì mọ́ wọn, ó bú sẹ́kún.

Ó pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn kí ogun tó parí àti kí Sàníù tó padà wálé. Nígbà tó fi máa dé, wọ́n ti ń wá pe ọmọ rẹ̀ láti Erúnmu láti wá kun yàrá ìyàwó. Àwọn ìyàwó á ti múra láti sọ fún un pé àwọ̀ tí wọ́n kùn sílé lágbájá ni kó bá àwọn kùn. Mùjíbátù á kọ́kọ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ yàrá náà, á wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, á wá béèrè pé, "Ta ló máa máa sùn níbí?"

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ìbéèrè yẹn kò wà fún ògiri nìkan. Bí ẹgbẹ́ yín bá ní kẹ́ ẹ ṣe nǹkan kan torí pé ẹni tó máa pa lára kò ní mọ̀, ẹ rántí pé ojú kọ́ nìkan lèèyàn fi ń mọ̀. Àwọn tí ì bá wá wo yàrá pupa yẹn, ìgbà díẹ̀ ni wọn ì bá fi wò ó, wọn ì bá yìn ín, wọn ì bá sì lọ sílé wọn. Ìyá Àgbà ló máa gbé inú rẹ̀.